Éèsì Kékeré Tí Mo Fẹ́ràn

Àbúrò mi, sún mọ́ mi. Nínú ìdíje póòkà, káàdì méjì kan wà tí inú mi máa ń dùn sí ju bó ṣe yẹ lọ: éèsì pẹ̀lú káàdì kékeré, kí àwọn méjèèjì ní àmì kan náà. Bíi A5 ọlọ́kàn.

Ṣé o mọ̀ pé éèsì yẹn gan-an ló ń kó àwọn èèyàn sí wàhálà? Bí éèsì mìíràn bá jáde lórí tábìlì, má tíì yọ̀. Ẹni tó bá fi owó ńlá lé ọ dé ìparí lè ní éèsì tirẹ̀, kí káàdì kejì ọwọ́ rẹ̀ sì ju 5 tìẹ lọ. Ta kékeré. Bó bá tún fi owó ńlá kọlù ọ́, ju káàdì sílẹ̀, kí o rọra mu omi rẹ.

Flush, ìyẹn káàdì márùn-ún alámì kan náà, ni kí o fọkàn sí. Nínú flop 100, ìyẹn káàdì mẹ́ta tó kọ́kọ́ jáde lórí tábìlì, nǹkan bí 11 ni yóò fún ọ ní káàdì mẹ́rin alámì kan náà. Bó o bá wá dúró wo káàdì méjì tó kù, yóò pé nígbà bíi 35 nínú 100. Dídùn ibẹ̀ ni pé bó bá pé, flush tìẹ ló máa ga jù.

Bí wọ́n bá ní kí n mú, màá mú A5 kí n tó mú A7, torí ó lè di straight, ìyẹn káàdì márùn-ún tó tẹ̀lé ara wọn. Ní 2008, ní Las Vegas, A àti 5 ló wà lọ́wọ́ Peter Eastgate, ọmọ Denmark, nígbà tó gba ìdíje àgbà World Series of Poker. Àmì wọn ò tilẹ̀ bára mu! Ivan Demidov, tí òun pẹ̀lú rẹ̀ jọ kù kẹ́yìn, ní 4 méjì àti 2 méjì, ṣùgbọ́n straight láti A dé 5 borí rẹ̀. Ọmọ ọdún 22 péré ni Eastgate nígbà náà.

Wo ibi tí o jókòó sí o. Bó bá jẹ́ ìwọ lo máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ láàárín èèyàn mẹ́sàn-án, jù ú nù. Bó o bá wà lórí button, ìyẹn ìjókòó ẹni tó ń pín káàdì, tí gbogbo wọn ti ju tiwọn sílẹ̀, fowó kún un kíákíá.

Bí chip rẹ bá wá ṣẹ́kù bíi ìlọ́po 10 big blind (owó àfipáfi tó tóbi jù) níbẹ̀, kó gbogbo rẹ̀ sáàárín. Éèsì ọwọ́ rẹ ń bá ọ dènà: ọ̀nà 6 tí éèsì méjì fi lè wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn ti di 3. Bí ẹni tó ní ọba méjì bá tiẹ̀ dá ọ lóhùn, o ṣì lè borí nígbà tó lé ní 30 nínú 100.

Àmọ́ bó bá jẹ́ ẹlòmíràn ló kọ́kọ́ kó tirẹ̀ sáàárín láti ìjókòó iwájú, má fi A5 dá a lóhùn. Bó bá sì ku díẹ̀ kí ẹ dé ipò tí wọ́n ń san owó fún, àwọn tí chip wọn kò tó tìẹ, tí wọ́n ń ṣọ́ra kí wọ́n má baà jáde, ni kí o dojú kọ. Fi ẹni tí tirẹ̀ ga bí òkè sílẹ̀.