Bí A Ti Ń Fi Ọpọ́n Ayò Sílẹ̀, àti Bí A Ti Ń Padà sí I

Ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó mọ ayò ta kí ẹ tó mọ ìwé kà. Ṣùgbọ́n nínú ẹ̀kọ́ yìí, kì í ṣe bí a ti ń ta ayò nìkan ni a fẹ́ sọ. A fẹ́ sọ bí ènìyàn ṣe lè fi í sílẹ̀ fún ìgbà kan láìsí ìjà, àti bí ó ṣe lè padà sí i láìsí ìtìjú.

1. Ọpọ́n àti ọmọ ayò

Ọpọ́n ayò ní ilé 12. Mẹ́fà jẹ́ ti ẹnìkan, mẹ́fà jẹ́ ti ẹnìkejì. Ọmọ ayò mẹ́rin mẹ́rin ni a ń kó sí ilé kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ 48. Ẹni tí ó bá jẹ ọmọ 25 ti borí, nítorí pé 23 péré ni ó kù fún ẹnìkejì. Ẹni tí ó mọ ayò dáadáa ni a ń pè ní ọ̀ta. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ni a ń pè ní ọ̀pẹ.

2. Ìgbà tí ó yẹ kí a dúró

Ní Isundunrin, ní agbègbè Èjìgbò, oko ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń jẹun. Bí òjò bá bẹ̀rẹ̀ sí rọ̀, oko ń pe olóko nìyẹn. Ilẹ̀ tí ó rọ̀ lónìí kò ní dúró de ẹni tí ó jókòó sí ìdí ọpọ́n. Àgbàdo tí a kò gbìn ní àkókò rẹ̀ kò ní ṣe dáadáa. Bí ìyàwó bá ru igi dé láti oko, tí ó sì bá ọkọ rẹ̀ lábẹ́ igi pẹ̀lú ọmọ ayò lọ́wọ́, ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yóò wà nílé lálẹ́ ọjọ́ náà.

Iṣẹ́ nìkan kọ́ ni ó ń mú ni dúró. Àìsàn lè dé. Ìrìn àjò lè dé. Bí ayò bá sì ti ń mú ìbínú wá láàárín ọ̀rẹ́ méjì, tàbí bí a bá ń fi owó oúnjẹ ta á, ó yẹ kí a dúró ná.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe kàn pòórá. Ẹni tí a ń retí tí kò wá, tí kò sì ránṣẹ́, inú kì í dùn sí i. Ẹ sọ fún ẹni tí ẹ jọ ń ta á:

“Ẹ̀gbọ́n, òjò ti dé. Ó di ìgbà tí mo bá kórè kí n tó tún jókòó.”

Òun náà yóò wí pé: “Ó dára, àbúrò mi. Ọlọ́run á jẹ́ kí ọwọ́ ba ọwọ́.”

Lẹ́yìn èyí, ẹ ka ọmọ ayò kí ó pé 48. Ẹ dì wọ́n sínú àpò kékeré. Ẹ gbé ọpọ́n sí ibi tí òjò kò lè pa á, tí ikán kò sì lè jẹ ẹ́. Ẹni tí ó tọ́jú ọpọ́n rẹ̀ ti múra láti padà.

3. Àwọn tí ó lọ sí ìdálẹ̀

Láti ọjọ́ pípẹ́ ni àwọn ará Èjìgbò àti agbègbè rẹ̀ ti ń lọ ṣòwò ní Côte d'Ivoire, pàápàá ní Àbíjàn. Àwọn mìíràn lọ sí Gánà. Ẹlòmíràn lo ogún ọdún kí ó tó padà wálé.

Nígbà mìíràn, òjijì ni ìpadàbọ̀ máa ń jẹ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Gánà pàṣẹ pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé àṣẹ gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kí wọ́n jáde. Ọ̀pọ̀ Yorùbá ni ó kó ẹrù wọn padà sí ìlú tí wọ́n ti fi sílẹ̀ tipẹ́.

Irú ẹni bẹ́ẹ̀ dé ilé, ó bá ojú tuntun. Ìtìjú lè sé e mọ́lé. Ṣùgbọ́n ìdí ọpọ́n kì í ṣe ibi ayò nìkan. Ibẹ̀ ni a ti ń gbọ́ ẹni tí ara rẹ̀ kò yá, ẹni tí ó ń ṣe òkú, àti ẹni tí ó ń wá alágbàṣe. Ẹni tí kò bá padà síbẹ̀ lè di àlejò nínú ìlú baba rẹ̀.

Ó dára pé ayò kò ṣàjèjì ní ìdálẹ̀. Ní Gánà, oware ni wọ́n ń pè é. Ní Côte d'Ivoire, awalé ni. Ṣùgbọ́n òfin lè yàtọ̀ díẹ̀. Níbì kan, ènìyàn lè jẹ gbogbo ọmọ tí ó wà ní ọwọ́ ẹnìkejì lẹ́ẹ̀kan náà. Níbòmíràn, wọn kò gbà á. Nítorí náà, ẹ béèrè òfin kí ẹ tó fọwọ́ kan ọmọ ayò. Abèèrè kì í ṣìnà.

4. Bí a ṣe ń padà

Àkọ́kọ́, ẹ kí wọn bí a ti ń kí aláyò: “Mo kí ọ̀ta, mo kí ọ̀pẹ!” Wọn yóò dáhùn pé: “Ọ̀ta ń jẹ́, ọ̀pẹ ò gbọdọ̀ fọhùn!” Ẹ rẹ́rìn-ín, kí ẹ sì jókòó. Bí ẹ tilẹ̀ jẹ́ ọ̀ta nígbà kan rí, ẹ gbà láti jẹ́ ọ̀pẹ fún ọjọ́ díẹ̀.

Èkejì, ẹ kọ́kọ́ máa wò. Ẹ má ṣe sọ pé, “Ní ìgbà tiwa, a kì í ta á báyìí.”

Ẹ̀kẹta, ẹ bá àwọn ọmọdé ta á. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, ẹ tún ìṣirò kọ́. Òfin kì í tètè gbàgbé, ìṣirò ni ó ń lọ. Ẹ wo àpẹẹrẹ yìí. Láti òsì lọ sí ọ̀tún ni a ń ta ayò. Bí ilé kẹrin yín bá ní ọmọ 5, ẹ̀yin yóò ta ọ̀kan sí ilé karùn-ún, ọ̀kan sí ilé kẹfà, lẹ́yìn náà ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ilé kìn-ín-ní, ìkejì àti ìkẹta ti ẹnìkejì yín. Bí ilé ìkẹta rẹ̀ bá ní ọmọ 1 tàbí 2 tẹ́lẹ̀, yóò di 2 tàbí 3. Ẹ jẹ ẹ́ nìyẹn. Ẹ máa ṣe ìṣirò yìí nínú ọkàn kí ọwọ́ tó kan ilé.

Ẹ má sì jẹ́ kí àṣìṣe bà yín nínú jẹ́. Ní ọdún 2002, ní ìlú Amsterdam ní ilẹ̀ Holland, John Romein àti Henri Bal fi kọ̀ǹpútà ṣírò awari, irú ayò kan tí ó ní ilé 12 àti ọmọ 48. Ọ̀nà tí ọmọ ayò náà lè gbà wà lórí ọpọ́n ju bílíọ̀nù 889 lọ. Wọ́n rí i pé bí ẹni méjì bá ta á láìṣì rárá, ọ̀mì ni yóò já sí. Ta ni nínú wa tí kò ní í ṣì? Ọ̀ta pàápàá ń ṣì í ta.

Ìwé kíkà náà rí bẹ́ẹ̀. Bí iṣẹ́ oko bá mú kí ẹ pa ìwé dé, ẹ tọ́jú rẹ̀. Bí ọwọ́ bá dilẹ̀, ẹ ṣí i láti ojú ìwé tí ó rọrùn, kí ẹ sì tún bẹ̀rẹ̀.

Ìbéèrè

1. Ọmọ ayò mélòó ni ó wà nínú ọpọ́n kan?
2. Kí ni ó yẹ kí a sọ fún ẹni tí a jọ ń ta ayò kí a tó dúró?
3. Kí ni ìdí tí a fi ń béèrè òfin kí a tó bá ará ibòmíràn ta ayò?
4. Bí ilé ìkejì yín bá ní ọmọ 6, ilé wo ni ọmọ ìkẹyìn yóò bọ́ sí?
5. Kí ni nǹkan kan tí ẹ ti fi sílẹ̀ tipẹ́, tí ẹ fẹ́ padà sí?