Ilé Ni A Ti Ń Kó Ẹ̀ṣọ́ Ròde: Ọ̀rọ̀ Fún Ẹni Tí Ó Fẹ́ Lọ Kàwé Ní Al-Azhar

 

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa, ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ìjọ mọ́sáláṣí, kò sí ọdún tí a ṣe wòlímà ní ilé-kéwú tí a kì í gbọ́ kí ọmọ kan dìde sọ pé, "Al-Azhar ni mo fẹ́ lọ." Inú gbogbo wa a dùn, a ó sì ṣe àmín. Ṣùgbọ́n àmín nìkan kò tó ẹrù ìrìnnà. Ní ọjọ́ tí ọmọ bá wọ ọkọ̀ òfúrufú, ìmúrasílẹ̀ ti parí. Ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún tí ó lò ní ilé ṣáájú ọjọ́ náà ni yóò sọ bí yóò ti rí fún un ní ọ̀hún, àti bí yóò ti rí fún un nígbà tí ó bá padà dé.

Ọ̀nà Káírò kì í ṣe ọ̀nà tuntun fún apá ọ̀dọ̀ wa. Ọdún 970 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ mọ́sáláṣí Al-Azhar, wọ́n sì parí rẹ̀ ní 972. Láàárín 1240 sí 1250, àwọn ará Kánẹ́mù tí ilẹ̀ wọn wà ní agbègbè adágún Chad ti kọ́ ilé-kéwú kan sí ibẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ ìlànà Mọ́líkì. Láyé àtijọ́, inú mọ́sáláṣí Al-Azhar gan-an ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé, olúkúlùkù pẹ̀lú àwọn ará ìlú rẹ̀, ní ibi tí wọ́n ń pè ní riwaq. Àwọn ará Bọ̀rọ̀nú náà ní tiwọn. Òfin tí ìjọba Íjíbítì ṣe ní 1961 ni ó mú ìmọ̀ ìṣègùn, ti ẹnjiníà, ti àgbẹ̀ àti ti okòwò wọ inú rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn, ẹ̀ka ti àwọn obìnrin sì tẹ̀lé e ní ọdún kejì. Nítorí náà, ọmọ tí ó bá ní Al-Azhar ni òun ń lọ, ìbáà ṣe ọkùnrin ìbáà ṣe obìnrin, ẹ bi í pé: kí ni o fẹ́ lọ kà níbẹ̀?

Lẹ́yìn èyí, ẹ bi í pé ìwé-ẹ̀rí wo ni yóò gbé lọ. Kì í ṣe gbogbo ìwé-ẹ̀rí Sànáwì ni wọ́n ń gbà bákan náà. Àwọn ilé-kéwú kan wà tí Al-Azhar ti wo ètò ẹ̀kọ́ wọn, tí ó sì gbà pé ó dọ́gba pẹ̀lú tirẹ̀; èyí ni àwọn àáfà ń pè ní mùádàlà. Ọmọ tí ó bá jáde ní irú ilé-kéwú bẹ́ẹ̀ lè wọ yunifásítì. Ẹni tí ilé-kéwú rẹ̀ kò bá ní in, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn àlejò ni wọn yóò dá a padà sí, ní Ìdàdì tàbí Sànáwì, kí ó tó lè gòkè. Wọn yóò tún dán èdè Lárúbáwá àwọn àlejò wò. Ẹni tí èdè rẹ̀ kò bá tíì tó, ibùdó ìkọ́ni-lédè tí wọ́n fi orúkọ Sheikh Zayed sọ ni yóò kọ́kọ́ lọ. Ọ̀dọ̀ Mùdíírì ni kí òbí ti béèrè ọ̀rọ̀ mùádàlà, kí ó tó ta ilẹ̀, kì í ṣe lẹ́yìn tí ó ti tà á tán.

Èyí tí ó kàn yìí ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin òbí fi etí méjèèjì gbọ́. Ó wọ́pọ̀ láàárín wa pé kí òbí yọ ọmọ kúrò ní ilé-ìwé ìjọba ní kíláàsì kẹta, kí ó ní, "Kéwú ni ọmọ mi fẹ́ kà, kí ni ó fẹ́ fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe?" Ọmọ náà lọ sí Káírò, ó lo ọdún mẹ́rin ní ẹ̀ka Usul al-Din, ó gba Lísáánsì, ó padà dé. Ó fẹ́ ṣe iṣẹ́ agùnbánirọ̀ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1973. Wọ́n ní kí ó kó ìwé-ẹ̀rí yunifásítì wá, kí ó kó páásípọ́ọ̀tù wá, kí ó sì kó èsì WAEC tàbí NECO rẹ̀ wá pẹ̀lú. Kò sí! Bí ó bá fẹ́ tẹ̀síwájú ní yunifásítì ilé, kírẹ́dítì márùn-ún ni wọn yóò béèrè. Bí ó bá fẹ́ gba iṣẹ́ olùkọ́ lọ́dọ̀ ìjọba, ìwé agùnbánirọ̀ ni wọn yóò kọ́kọ́ bi í. Báyìí ni ẹni tí ó ti ka ìwé ńláńlá yóò ṣe jókòó pẹ̀lú àwọn ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún láti kọ ìdánwò. Àìní ìmọ̀ kọ́ ni ó mú un débẹ̀. Bàbá rẹ̀ ni ó ti ilẹ̀kùn kan mọ́ ọn láti kékeré. Àjọ NBAIS tí ó wà ní Kàdúná ń ṣe ìdánwò àṣekágbá tí ẹ̀kọ́ Lárúbáwá, ti Ìsìláàmù àti ti ìgbàlódé jọ wà nínú rẹ̀. Ilé-kéwú tí kò bá lè ṣe méjèèjì, kí ó jẹ́ kí ọmọ máa lọ sí ilé-ìwé ní òwúrọ̀, kí ó sì wá sí kéwú ní ìrọ̀lẹ́.

Ní ti èdè, ìyàlẹ́nu ńlá ń dúró de ọmọ wa ní ìgboro Káírò. Èdè ìwé tí a fi kọ́ ọ kọ́ ni àwọn ará ọjà ń sọ. Ó ti mọ̀ pé "ayna" ni ibo; "feen" ni wọn yóò sọ fún un. Ó mọ̀ pé "limadha" ni nítorí kí ni. "Leh" ni wọn yóò wí. Lẹ́tà jíìmù a di g lẹ́nu wọn, "qahwa" a sì di "ahwa". Bí wọ́n bá fẹ́ sọ pé nísinsìnyí, wọn a ní "dilwa'ti". Kí ó fara balẹ̀ gbọ́ ọ dáadáa: "waqt" ni ó wà nínú rẹ̀, èyí tí àwa náà yá tí ó di wákàtí! Ẹni tí èdè ìwé bá dá lẹ́nu rẹ̀ yóò gbọ́ ti ìgboro láàárín oṣù díẹ̀. Ẹni tí kò mọ èyí tó, tí ó wá ń kọ́ ti ìgboro, ìkejì ni yóò ba èkíní jẹ́, nítorí èdè ìwé ni wọ́n fi ń kọ ìdánwò. Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa máa fi èdè Lárúbáwá kọ àròkọ láti ìsinsìnyí. Ọ̀pọ̀ wa lè túmọ̀ ìwé láti òwúrọ̀ di alẹ́, ṣùgbọ́n kí a ní kí a kọ ojú ewé méjì láti inú orí wa, ọwọ́ a bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n. Ní ti fíkíhì, ọkàn wọn lè balẹ̀ díẹ̀: Al-Azhar ń kọ́ ìlànà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ọmọ tí ó ti ka Risala ní ilé ti ní ìpìlẹ̀ Mọ́líkì lọ́wọ́.

Oúnjẹ kì í ṣe ìṣòro ńlá. Ẹ̀wà tí wọ́n ń pè ní ful ni wọ́n ń jẹ ní òwúrọ̀ pẹ̀lú búrẹ́dì. Ta'miyya tí wọ́n ń fi ẹ̀wà lílọ̀ dín jọ àkàrà wa gan-an, àfi pé ata rẹ̀ kò tó nǹkan. Kí ó gbé ata gígún dání. Òtútù ni kí ó múra sí. Láti Oṣù Kejìlá sí Oṣù Kejì, òru Káírò lè lọ sílẹ̀ tó ìwọ̀n 10, ilé tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé kò sì ní ẹ̀rọ tí ń mú yàrá móoru. Kò pọn dandan kí ó ra ẹ̀wù òtútù olówó ńlá ní Èkó. Ọjà Wikalat al-Balah wà ní Bulaq, òkìríkà pọ̀ níbẹ̀. Ẹni tí ó bá rí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ gbà lè rí ibùsùn ní ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àlejò ní Abbasiya. Àwọn mìíràn a máa pín ilé gbé ní Nasr City. Ìwé àṣẹ ìgbé, tí wọ́n ń pè ní iqama, kò gbọdọ̀ kọjá àkókò lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ó sì forúkọ sílẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ aṣojú Nàìjíríà ní Zamalek.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó. Títí di ìdajì ọdún 2023, nǹkan bí náírà 460 ni dọ́là kan lọ́dọ̀ ìjọba; nígbà tí 2024 fi parí, ó ti lé ní 1,500. Bàbá tí ó ṣe ìlérí 100 dọ́là lóṣooṣù, tí ó ń wá 46,000 náírà tẹ́lẹ̀, di ẹni tí ó ń wá ohun tí ó lé ní 150,000. Owó Íjíbítì náà wó ní Oṣù Kẹta 2024, láti nǹkan bí 31 sí dọ́là kan di nǹkan bí 50, ọjà sì gbówó lórí. Ìtìjú kì í jẹ́ kí àwọn bàbá kan sọ̀rọ̀. Wọn a dákẹ́ fún oṣù mẹ́ta, onílé a sì máa kan ilẹ̀kùn ọmọ ní Nasr City. Bí 100 kò bá ṣeé ṣe mọ́, ẹ pè é, ẹ ní 60 ni, kí ó lè tètè wá ẹni tí wọn yóò jọ pín yàrá. Ìjọ mọ́sáláṣí tí ó bá fẹ́ ràn án lọ́wọ́, kí wọ́n má ṣe kó gbogbo rẹ̀ fún un ní ọjọ́ ìdágbére. Kí wọ́n pín in sí ọ̀nà méjì, kí wọ́n fi ìdajì rẹ̀ pamọ́ de ọdún kejì, nígbà tí ariwo ìdágbére yóò ti lọ sílẹ̀.