Ẹ̀KỌ́ FÚN ỌMỌ ẸGBẸ́: BÍ TỌ́Ọ̀ṢÌ ARA KỌ́KỌ́RỌ́ ṢE LÈ TÀN SÍ I

Ẹ̀kọ́ wa lónìí dá lórí ohun kékeré kan tí púpọ̀ nínú wa ní lápò: tọ́ọ̀ṣì wẹ́wẹ́ tí a ń so mọ́ kọ́kọ́rọ́.

Ẹlòmíràn lè ní, "Kí ni èyí já mọ́?" Ní alẹ́ ọjọ́ kan tí a parí ìpàdé, iná ti lọ, ìwé owó ẹgbẹ́ sì wà lábíyá mi. Mo tẹ tọ́ọ̀ṣì mi, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò ju ti tanátaná lọ. Ẹsẹ̀ mi kan ti wà létí kòtò kí n tó rí i. Ní ọjọ́ kejì ni mo tú tọ́ọ̀ṣì náà wò.

Àṣìṣe ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Mo rò pé bí agbára iná bá ti pọ̀ tó ni ìmọ́lẹ̀ yóò ṣe pọ̀ tó. Mo fi ẹsẹ̀ gílóòbù náà méjèèjì kan bátìrì rédíò tó ní fóòtì 9. Ó kọ mànà lẹ́ẹ̀kan, ó sì kú. Àwọn àgbà ní ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Gílóòbù àti bátìrì gbọ́dọ̀ bá ara wọn mu.

OHUN TÓ WÀ NÍNÚ RẸ̀

LED ni à ń pe gílóòbù kékeré yìí. Kò ní okùn tó ń gbóná bí ti gílóòbù àtijọ́. Pupa ni èyí tí Nick Holonyak ṣe ní Amẹ́ríkà ní 1962. Ó di àwọn ọdún 1990 kí Shuji Nakamura ní ilẹ̀ Japan tó ṣe èyí tó ń tan búlúù dáadáa. Búlúù yìí náà ni wọ́n fi lẹ́búlẹ́bú aláwọ̀ ìyeyè bò tó fi di funfun. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń tún un ṣe, tó fi jẹ́ pé LED tuntun tó dára lè fi ìwọ̀n iná kan náà mú ìmọ́lẹ̀ tó ju ti àtijọ́ lọ jáde. Ibẹ̀ ni èrè wa wà.

Ẹ wo bátìrì rẹ̀ náà. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń tan funfun ń lo bátìrì pẹlẹbẹ méjì tí wọ́n kọ CR2016 sí lára. Fóòtì 3 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, méjèèjì jẹ́ 6. LED funfun ń fẹ́ bíi fóòtì 3 sókè díẹ̀, pupa ń fẹ́ bíi 2. Bátìrì náà kéré, kò lè ti iná púpọ̀ jáde; ìdí nìyí tí LED kì í fi í jó bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí rẹsísítọ̀ níbẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra o: CR2016 méjì nípọn bákan náà pẹ̀lú CR2032 kan, èyí tó jẹ́ fóòtì 3 péré. Bí ó bá wọlé, kò túmọ̀ sí pé ó yẹ ibẹ̀.

BÍ A ṢE Ń YAN LED

Ẹ ra èyí tó fẹ̀ tó 5 mm bí ti àtijọ́ bá jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí iye mcd tí wọ́n kọ síta tàn yín jẹ, ìmọ́lẹ̀ àárín nìkan ló ń wọ̀n. Èyí tó jẹ́ dígírì 15 ń ríran jìnnà, ṣùgbọ́n ojú kan ló ń tàn. Èyí tó jẹ́ dígírì 30 ń tàn káàkiri, ó sì dára fún ọ̀nà ẹsẹ̀ àti ìwé kíkà.

IṢẸ́ NÁÀ

1. Ẹ tú síkúrù rẹ̀. Ẹ wo bí ẹsẹ̀ LED àtijọ́ ṣe tẹ̀, àti èyí tó kan ojú bátìrì tó ní àmì +.

2. Ẹ dán LED tuntun wò lára bátìrì kan ṣoṣo. Ẹsẹ̀ gígùn ni ti ojú +. Bí kò bá tàn, ẹ yí i padà.

3. Ẹ fi àmì sí ẹsẹ̀ gígùn kí ẹ tó gé e. Bí ẹ bá gbàgbé, ẹ̀gbẹ́ tó tẹ́ pẹrẹsẹ ní ìdí LED ni ti àmì −.

4. Ẹ gé ẹsẹ̀ méjèèjì, kí ẹ sì tẹ̀ wọ́n bí ti àtijọ́. Ẹsẹ̀ kan kò gbọdọ̀ kan bátìrì àfi bí a bá tẹ̀ ẹ́. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, yóò tàn títí ilẹ̀ yóò fi mọ́.

5. Ẹ dé e padà, kí ẹ sì dè é le.

ÌKÌLỌ̀ FÚN ÀWỌN ÒBÍ

Ẹ má fi bátìrì yìí sílẹ̀ níbi tí ọwọ́ ọmọdé lè tó o, ìbáà jẹ́ èyí tó ti kú. Bí ọmọ bá gbé e mì, ó lè jó ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ láàárín wákàtí 2. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, ẹ má dúró wò ó bóyá yóò bọ́.

Tọ́ọ̀ṣì tèmi ti ń tàn dé ẹnu ọ̀nà báyìí. N kò fi agbára kún un. Gílóòbù tó bá bátìrì rẹ̀ mu ni mo fi sí i.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍ ÌPÀDÉ

1. Kí ló dé tí bátìrì fóòtì 9 fi pa LED, tí CR2016 méjì kò sì pa á?

2. Irú LED wo ló yẹ akápò tó ń ka owó lálẹ́, èwo ló sì yẹ ọlọ́dẹ?

3. Bí ẹgbẹ́ yín bá fẹ́ ra LED àti bátìrì pọ̀ kí owó rẹ̀ lè dínkù, ta ni yóò dán wọn wò kí ẹ tó sanwó?