Bí Kọ̀ǹpútà Bá Dákẹ́ Nínú Yàrá Ìdánwò
Ẹ̀yin ọmọ mi tó ń múra ìdánwò JAMB ní Ìkòròdú, ohun kan ń dùn mí: kọ̀ǹpútà á dákẹ́, ẹkún lẹ máa ń bú sí.

Bí wọ́n bá pín yín sí ibùdó ìdánwò ní Ẹ̀pẹ́, ẹ lọ sùn ní Ẹ̀pẹ́ mọ́jú. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ò mọ̀ pé ẹ ní ìdánwò.

Ìbéèrè 180, wákàtí 2 péré. Bí máòsì bá ń ṣe ségesège, ẹ pa á tì, ẹ lo bọ́tìnì. A, B, C, D ni ìdáhùn. N á gbé yín síwájú, P á dá yín padà. S ló ń parí iṣẹ́. Ẹ jìnnà sí i, àfi tí ẹ bá ṣe tán!

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan rèé, jẹnẹrétọ̀ ń bú ramúramù lẹ́bàá fèrèsé, ojú kọ̀ǹpútà ṣókùnkùn. Ó nawọ́ sókè, wọ́n gbé e lọ sórí òmíràn. Ẹni tó jókòó tì í, tí tiẹ̀ náà dákẹ́, ṣì ń fi ìkúùkù lu tábìlì.

Lọ́dún 2025, JAMB fẹnu ara wọn gbà pé àṣìṣe wáyé, wọ́n sì ní kí ọmọ 206,610 l'Ékòó tún ìdánwò ṣe. Nítorí náà, kété tí ẹ bá jáde, ẹ kọ nọ́ńbà ìjókòó yín àti ohun tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀.

Aago ọwọ́ ńkọ́? Ẹ fi sílé, wọn ò ní jẹ́ kí ẹ gbé e wọlé.