Kẹ̀kẹ́ Tí Omi Bò: Bí A Ṣe Ń Yan Bóòtù Tí Kì Í Tètè Dípẹtà, àti Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Rẹ̀

A ti sọ̀rọ̀ nípa omi mímu àti nípa wáyà iná tí omi kàn. Ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ ológeere ló kàn báyìí. Ní ọ̀pọ̀ ilé tí a ń yọjú sí ní Okota, láti ẹ̀gbẹ́ Ago Palace Way dé ọ̀nà Òkè-Àfá, kẹ̀kẹ́ ló kù tí bàbá fi ń gbé búrẹ́dì lọ fún oníbàárà, òun náà ni ọmọ ń gùn lọ sẹ́nu iṣẹ́ ọwọ́ tó ń kọ́. Ẹ̀rọ ìránṣọ ti lọ, fìríìjì ti lọ, kẹ̀kẹ́ ṣẹ́kù. Ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ tó sun inú omi ọjọ́ mẹ́ta lè dà bí ẹni pé ó yá, kí bóòtù bíréèkì rẹ̀ sì já níbi tí dánfó ti ń sáré bọ̀ lẹ́yìn. Ìdí nìyẹn tí a fi ní ká jókòó ti ọ̀rọ̀ bóòtù, bó tilẹ̀ kéré lójú.

Ibi tí irin, omi àti afẹ́fẹ́ bá ti pàdé ni ìpẹtà ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí iyọ̀ bá wà nínú omi náà, ó ń yára sí i. Omi tó wọlé wa kì í sì í ṣe omi òjò lásán. Ti kánààlì àti ti gọ́tà ló dàpọ̀ mọ́ ọn, pẹ̀lú ọṣẹ, epo mọ́tò àti ohun gbogbo tí àdúgbò dà nù. Ẹrẹ̀ rẹ̀ ló burú jù, torí pé ó ń di omi mọ́ ara irin lẹ́yìn tí ilẹ̀ ti gbẹ. Bóòtù ló sì máa ń kọ́kọ́ jìyà: kò ní ọ̀dà lára, ẹnu sípánà ti họ ọ́, omi sì ń sá pamọ́ sínú tírẹ́ẹ̀dì rẹ̀.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan kẹ̀kẹ́ náà, ẹ wọ ìbọ̀wọ́. Omi ìgbẹ́ wà nínú ẹrẹ̀ yẹn, bóòtù tó ti jẹ sì mú bí abẹ. Ẹni tó bá fara gbọgbẹ́ kí ó fi ọṣẹ àti omi tó mọ́ fọ ojú ọgbẹ́ náà, kí ó sì lọ sí ilé ìwòsàn béèrè abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì, àìsàn tó máa ń ti ẹnu ènìyàn pa. Lẹ́yìn èyí, ẹ fi omi tó mọ́ àti ọṣẹ fọ kẹ̀kẹ́. Ẹ yọ ìjókòó pẹ̀lú òpó rẹ̀, kí ẹ sì dojú kẹ̀kẹ́ délẹ̀ kí omi inú páìpù lè ṣàn jáde. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rántí omi inú yìí, bẹ́ẹ̀ inú lọ́hùn-ún ni irin ti ń jẹ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rí i. Ẹ nù ún, ẹ sá a sóòrùn.

Ní ti bóòtù tó ti gan, ẹ má fi agbára mú un. Búrọ́ọ̀ṣì onírin ni kí ẹ kọ́kọ́ fi ha ìpẹtà orí rẹ̀, kí ẹ kán epo tó ń wọ inú irin sí i (WD-40 dára, kẹrosíìnì tí a pò mọ́ ẹ́ńjìnì ọ́ìlì díẹ̀ náà ń ṣiṣẹ́), kí ẹ sì fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ẹ jìnnà sí sítóòfù. Lọ́jọ́ kejì, ẹ fi òòlù kékeré gbá orí rẹ̀ jẹ́jẹ́, ẹ kọ́kọ́ yí i díẹ̀ bí ẹni fẹ́ dè é, kí ẹ tó wá tú u. Yíyí tí ẹ yí i lọ síwájú yẹn ló ń fọ́ ìpẹtà tó dì í mú. Pẹ́dàlì apá òsì nìkan ló yàtọ̀: òdì ni tírẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Ẹ gbé sípánà dúró sókè lórí rẹ̀ kí ẹ sì tì í sí ọ̀nà ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, yóò tú. Bákan náà lẹ ó ṣe sí ti apá ọ̀tún. A ti rí pẹ́dàlì tí ọ̀dọ́mọkùnrin méjì jọ dè mọ́lẹ̀ pátápátá, tí wọ́n sì rò pé àwọn ń tú u ni.

Bóòtù tó bá ti tín-ín-rín láàárín, tàbí tí tírẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ti jẹ dànù, ẹ sọ ọ́ nù. Ẹ má fi ọ̀dà bò ó.

Nígbà tí ẹ bá wá dé ìsọ̀ alábóòtù, oríṣi mẹ́rin lẹ ó sábà rí. Èyí dúdú kò ní ààbò ju epo tí wọ́n fi pa á lára lọ. Òjò oṣù Kẹfà kan tó láti sọ ọ́ di pupa. Ìkejì ni èyí tó ń dán funfun tàbí tó pọ́n bí wúrà díẹ̀: síǹkì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n fi bò ó. Ìkẹta tún ni síǹkì, ṣùgbọ́n inú síǹkì yíyọ́ ni wọ́n ti rì í, ó nípọn, àwọ̀ rẹ̀ dà bí eérú, ara rẹ̀ kò sì jọ̀lọ̀. Ẹ ti mọ iṣẹ́ síǹkì tẹ́lẹ̀. Irin ni páànù tí a fi kan òrùlé, síǹkì ló bò ó; òrùlé tó ti pọ́n ní Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta, síǹkì ti tán lára rẹ̀ ni. Bí ẹ bá ra oríṣi kẹta yìí, ẹ gba nọ́ọ̀tù tirẹ̀ mọ́ ọn, torí nípọn rẹ̀ kì í jẹ́ kí nọ́ọ̀tù lásán wọ̀ ọ́.

Ìkẹrin ni sítéńlẹ́ẹ̀sì. Harry Brearley ló yọ́ irú irin bẹ́ẹ̀ ní Sheffield, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ́dún 1913. Kurómíọ̀mù tó wà nínú rẹ̀, ó kéré tán ìdá 10.5 nínú 100, ló ń bò ó lójú tí ìpẹtà kì í fi í ráyè wọlé. Bí ẹ bá tilẹ̀ họ ọ́, yóò tún ara rẹ̀ bò. Ẹ wo orí bóòtù náà. Bí ẹ bá rí A2, ó tó fún òjò. A4 ló ń fara da omi iyọ̀ jù, ó sì wọ́n jù. Bí kò bá sí àmì kankan lórí rẹ̀, ẹ mú òòfà dání. Èyí tó wà lẹ́yìn sípíkà rédíò tó bàjẹ́ tó. Irin tí wọ́n kàn fi kurómíọ̀mù kùn lójú, òòfà yóò gbá a mú ṣinṣin. A2 àti A4 kì í fẹ́ẹ̀ lẹ̀ mọ́ òòfà rárá, tàbí kó lẹ̀ díẹ̀ ṣá. Dídán nìkan kì í ṣe ẹ̀rí.

Síbẹ̀, a kò ní kí ẹ fi sítéńlẹ́ẹ̀sì sí ibi gbogbo. Fún káríà, mọ́gáàdì àti ìbòrí ṣéènì, òun la fẹ́. Ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ kì í sábà tó ti irin tí wọ́n kọ 8.8 sí lórí, ti 10.9 tilẹ̀ tún lágbára sí i. Ibi tí ẹ̀mí rọ̀ mọ́, bíi bíréèkì, ọrùn ọwọ́ kẹ̀kẹ́ àti ẹsẹ̀ pẹ́dàlì, nọ́ńbà tó wà lórí bóòtù tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni kí ẹ rà, èyí tí wọ́n fi síǹkì bò, kí ẹ sì máa pààrọ̀ rẹ̀ bó bá ti pọ́n. Bí owó kò bá ká gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bóòtù bíréèkì ni kí ẹ kọ́kọ́ rà. Mọ́gáàdì lè dúró.

Ẹ mú bóòtù àtijọ́ dání lọ sọ́jà, ì báà jẹ́ Ládípọ̀ lẹ ń lọ tàbí ọ̀dọ̀ atúnkẹ̀kẹ́ṣe ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. M5 ni ti káríà àti mọ́gáàdì sábà máa ń jẹ́, sípánà 8 ló ń tú u. Sípánà 10 ni ti M6. Nọ́ọ̀tù táyà ẹ̀yìn sábà ń gba 15. Ẹni tó ní Raleigh àtijọ́ kí ó ṣọ́ra: ọ̀pọ̀ tírẹ́ẹ̀dì rẹ̀ jẹ́ 26 nínú ínǹṣì kan, tòde òní kò sì wọ̀ ọ́. Ìka ọwọ́ ni kí ẹ fi yí bóòtù tuntun wọlé. Bó bá kọ̀, kì í ṣe ìwọ̀n rẹ̀.

Kí ẹ tó dè é, ẹ fi gírísì pa tírẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Sítéńlẹ́ẹ̀sì tí wọ́n dè mọ́ sítéńlẹ́ẹ̀sì ní gbígbẹ máa ń lẹ̀ mọ́ ara wọn títí tí ẹ ó fi fi ayùn gé e. Bó bá sì wọ inú alumíníọ̀mù, tí omi iyọ̀ wọ àárín wọn, alumíníọ̀mù náà ni yóò jẹ. Gírísì ń gba méjèèjì. Ẹ má lo epo pupa tàbí òróró ìdáná, torí yóò di gọ̀ọ́mù, eruku yóò sì lẹ̀ mọ́ ọn. Gírísì kò gbọdọ̀ kan rọ́bà bíréèkì tàbí rímù tó ń dì mú.

Lẹ́yìn ọjọ́ bíi mélòó kan tí ẹ ti gùn ún, ẹ tún gbogbo rẹ̀ dè, bóòtù tuntun máa ń rọ̀. Lẹ́yìn náà, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀: ẹ fi aṣọ gbígbẹ nù ún, ẹ kán epo díẹ̀ sí orí bóòtù, ẹ wò ó bóyá omi pupa ń ṣàn lábẹ́ rẹ̀. Bí kẹ̀kẹ́ bá ń sun ìta, ẹ fi nọ́lọ́ọ̀nù bo òkè rẹ̀ ṣùgbọ́n ẹ má di ìsàlẹ̀ rẹ̀ pa, kí ooru má baà sọ inú rẹ̀ di omi. Òjò oṣù Kẹsàn-án àti Kẹwàá ṣì ń bọ̀, ẹ so kẹ̀kẹ́ kọ́ sí ibi gíga kó tó dé.

Ní ibùdó ìpínfúnni wa, sípánà 8, 10 àti 15 wà fún yíyá, gírísì inú agolo náà wà. Ẹni tó bá ń bọ̀, kí ó mú bóòtù àtijọ́ dání.