Àpótí Ìmọ̀: Ẹja Tí Ń Rìn Lórí Ẹrẹ̀

Ní etí Odò Warri, níbi tí omi òkun ti ń kún wọ inú odò tí ó sì tún ń fà padà lójoojúmọ́, ni ẹja kékeré kan wà tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè ní Periophthalmus barbarus, èyí tí ó máa ń fi lẹbẹ àyà rẹ̀ wọ́ lórí ẹrẹ̀ láàárín gbòǹgbò àwọn igi tí ń hù nínú omi oníyọ̀. Awọ ara rẹ̀ àti inú ẹnu rẹ̀ ni ó fi ń mí lórí ilẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí wọn kò bá tíì gbẹ. Ẹfolúṣọ̀n, ìyẹn ìyípadà díẹ̀díẹ̀ tí ń bá ẹ̀yà ẹ̀dá láti ìran dé ìran nítorí pé àwọn tí àbùdá wọn bá ibùgbé mu ni ọmọ wọn ń yè jù, ni ó sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ẹja yìí kì í ṣe baba ńlá àwọn ẹranko orí ilẹ̀ rárá: Tiktaalik, ẹja àtijọ́ tí ó sún mọ́ baba ńlá wọn, tí a wú egungun rẹ̀ jáde ní Kánádà ní ọdún 2004, ti gbé ayé ní nǹkan bí mílíọ̀nù 375 ọdún sẹ́yìn, ẹ̀ka mìíràn pátápátá sì ni. Ó ṣeni láàánú pé epo rọ̀bì tí ń dà sínú irà etí odò náà, àti iyanrìn tí a fi ń kún un kí a lè kọ́lé, ń dí ihò tí ẹja yìí ń yé ẹyin sí.