Ọmọ Tí Ẹyinjú Rẹ̀ Yọ Síta: Kí Ni Dókítà Lè Ṣe Sí I?

Wọ́n máa ń bí àwọn ọmọ kan tí ẹyinjú wọn yọ síta gan-an. Kí ọjọ́ ìsọmọlórúkọ tó pé, àwọn kan á ti máa sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé ìyá ọmọ ló wo ohun tí kò yẹ kó wò nígbà tó lóyún. Irọ́ ni. Lára ohun tó ń fà á ni àìsàn àbímọ́ni kan tí wọ́n ń pè ní Crouzon. Octave Crouzon, dókítà ará Faransé, ló kọ nípa rẹ̀ ní 1912, lẹ́yìn tó rí i lára ìyá kan àti ọmọ rẹ̀.

Ẹyinjú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò tóbi ju ti ẹlòmíràn lọ. Egungun ni ọ̀rọ̀ wà. Agbárí ọmọ tuntun kì í ṣe egungun kan ṣoṣo, ó pín sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ìdí nìyẹn tí àwùjẹ̀ fi ń rọ̀. Lára ọmọ tó ní Crouzon, àwọn egungun yìí máa ń lẹ̀ pọ̀ kí àsìkò wọn tó tó. Egungun àárín ojú kò ní lè dàgbà síwájú, ihò ojú kò sì ní jìn. Ẹ fi ẹyin sínú ṣíbí, kí ẹ tún fi í sínú ife. Ẹyin kan náà ni, àmọ́ ti inú ṣíbí ló yọ síta.

Ewu rẹ̀ ni pé ìpéǹpéjú lè má pa dé bí ọmọ bá sùn. Awọ mímọ́ tó bo iwájú ẹyinjú á gbẹ, á dégbò, ojú sì lè fọ́. Nítorí náà, dókítà á kọ́kọ́ fún un ní òògùn tó ń mú ojú tutù, títí kan èyí tó ki bí ìpara fún alẹ́. Bí ìyẹn kò bá tó, wọ́n lè rán etí ìpéǹpéjú pọ̀ díẹ̀ fún ìgbà kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lé tìróò sí irú ojú bẹ́ẹ̀ o! Òjé wà nínú ọ̀pọ̀ tìróò. Omi ọmú náà kì í ṣe òògùn rẹ̀.

Ní ti iṣẹ́ abẹ gan-an, ẹyinjú kọ́ ni wọ́n ń gé. Egungun ojú ni wọ́n ń gé, nígbà mìíràn pẹ̀lú ti iwájú orí, tí wọ́n á fà síwájú kí ihò ojú lè jìn. Paul Tessier, ará Faransé mìíràn, ló fi irú iṣẹ́ yìí han àwọn dókítà ní Róòmù ní 1967. Lónìí, ọ̀pọ̀ dókítà máa ń de irin mọ́ egungun náà, wọ́n á sì máa yí skúrù rẹ̀, bíi mìlímítà 1 lóòjọ́, kí egungun tuntun lè hù sí àlàfo náà. Irin náà á wà lára fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Iṣẹ́ ńlá ni: ẹ̀jẹ̀ lè dà, kòkòrò àrùn lè wọlé, ó sì lè gba pé kí wọ́n tún un ṣe bí ọmọ bá ń dàgbà. Bí dókítà bá ní kí omi má kan ojú, ẹ bi Àlùfáà yín nípa tayamọ́mù.

Òbí tó bá ní àìsàn yìí lè fi ran ọmọ: nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdajì ni ó ṣeé ṣe kó jẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọmọ ló ní i tí bàbá àti ìyá wọn kò ní i. Ọpọlọ ọ̀pọ̀ nínú wọn sì pé. Iléèwé àti ilé kéú tọ́ sí wọn bíi ti ọmọ yòókù.

Bí ojú ọmọ bá pọ́n, tó ṣú bí ìkùukùu, tàbí tí ẹyinjú bọ́ síwájú ìpéǹpéjú, tàbí tí orí ń fọ́ ọ tó sì ń bì, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá lọ́jọ́ náà gan-an.